Ọmọ Ìwó ní Tábìlì Sherifat

Iṣẹ́ Sherifat ni kí ó jókòó ti àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń fún ní wàhálà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Peckham ní London, lẹ́yìn òpópónà Rye Lane, ló ti ń ṣe é. Kì í ṣe tíṣà, olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni. Kò sí yàrá fún un, nítorí náà inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni tábìlì rẹ̀ wà, lábẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ń fi kóòtù kọ́ sí. Bí òjò bá rọ̀, omi á máa kán láti ara kóòtù sórí ìwé.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé láti Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ṣiṣẹ́, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti kó jáde nílé wọn ní Nunhead. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló kù tó ń kó ọkàn lé.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì ni wọ́n mú Nàfísátù wá bá a. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Ìwó ni wọ́n ti mú un wá. Àsúmáù ìyá rẹ̀ ń lọ tọ́jú àwọn aláìlera láti ilé dé ilé. Ọmọ náà lè ka Gẹ̀ẹ́sì geere, ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè ohun tó kà, ilẹ̀ ni yóò máa wò.

Ẹ̀kọ́ tí kíláàsì wọn ń kọ́ ní sáà yẹn ni bí a ṣe ń mọ ọ̀nà tí òǹkọ̀wé gbà to ọ̀rọ̀ rẹ̀, nínú ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ó lè tò ó bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ léra. Ó lè fi nǹkan méjì wéra, tàbí kó sọ ìṣòro kan àti bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀. Ó sì lè sọ ohun tó fa nǹkan àti ohun tó yọrí sí. Gbogbo àyọkà tí Sherifat bá gbé síwájú Nàfísátù, ìdáhùn kan náà ló ń fún un: “Ó tẹ̀ léra.”

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ka èyí tó sọ nípa òjò tó rọ̀ títí ilẹ̀ kò fi lè fa omi mu mọ́, tí odò kún, tó ya wọlé àwọn èèyàn. Sherifat rọra fi Yorùbá bi í pé, “Kí ló fà á tí omi fi wọlé?”

“Òjò kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn náà omi wọlé.”

“Mo gbọ́. Kí ló fà á?”

“Aunty, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn.”

“Miss, òjò ló fà á, ṣebí!” Zion, ọmọ Yorùbá tí òun náà ń kàwé lọ́dọ̀ Sherifat, ló kígbe bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì láti ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì. Nàfísátù tẹ orí ba.

Sherifat lọ bá Jonathan, tíṣà kíláàsì náà. Ọmọkùnrin tí Sherifat lè bí ni, ṣùgbọ́n orúkọ ni gbogbo wọn ń pe ara wọn níbẹ̀. Jonathan ní kó tún gbìyànjú, pé ìdánwò ti dé tán, ọmọ ọgbọ̀n ló sì wà lọ́rùn òun.

Lọ́jọ́ kejì, Sherifat fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà àkọ́kọ́ nínú àyọkà òjò yẹn. “Ká ní òjò yìí ò rọ̀ rárá, ṣé omi á wọlé?”

“Kò ní wọlé.”

Inú Sherifat dùn. Ó gbé òmíràn wá, èyí tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣokoléètì, ó tún fi ọwọ́ bo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. “Bí wọn ò bá ká kòkó lóko ńkọ́?”

“Kò ní sí ṣokoléètì.” Ọmọ náà wò ó. “Ṣé bákan náà ni wọ́n, Aunty?”

Sherifat mọ̀ pé wọn kì í ṣe bákan náà, ṣùgbọ́n kò mọ bí òun ṣe máa là á yé e. Ó tẹ́ àyọkà méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tó yá ó ní, “Èwo nínú wọn ló ń kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan? Èwo ló ń sọ ìdí fún ẹ?”

Nàfísátù tún àwọn méjèèjì kà, ètè rẹ̀ ń mì. “Ti kòkó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ti òjò ń sọ ìdí.” Ó rẹ́rìn-ín. Títí di ìgbà yẹn, Sherifat kò tíì rí eyín ọmọ náà rí.

Láti ìgbà náà ni Nàfísátù ti ń béèrè ìwé tó máa mú lọ sílé. Ó ka ti ẹyẹ òwìwí, ó ka ti iná tó jó London láyé àtijọ́. Nígbà míì á mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà to ọ̀rọ̀, nígbà míì á ṣì í, ṣùgbọ́n ó ti ń jiyàn pẹ̀lú Zion.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Àsúmáù dúró de Sherifat lẹ́nu géètì.

“Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Onílé wa ti ta ilé. Ìlú kan ní North, lókè lọ́hùn-ún ní England yìí, ni kánsù ti rí ilé fún wa, mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.”

“Ta lẹ ní níbẹ̀?”

“A ò lẹ́nì kankan, Aunty. Mọ́ńdè la máa lọ.”

Sherifat padà wọlé lọ bá Jonathan. Jonathan ní ó dun òun gan-an. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tẹ kánsù láago, wọ́n ní kò sílé nítòsí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Sherifat bá Alhaji Yaqub, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, sọ̀rọ̀, Alhaji ṣàdúrà, wọ́n ní àwọn tó ń wá ilé lọ́dọ̀ àwọn ti pọ̀ jù. Ó pe Lọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Elephant and Castle, àwọn ọmọ Lọ́lá ń sùn ní pálọ̀. Ní ti ilé tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ló wà nínú yàrá àwọn ọmọ. Kò sọ ìyẹn fún Àsúmáù. Ojú tì í.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, kí wọ́n tó jáde nílé-ẹ̀kọ́, Nàfísátù bi í pé, “Aunty, ta ló máa jókòó tì mí níbẹ̀?”

“Wọ́n máa ní ẹnì kan.” Bó ṣe ń sọ ọ́ ló mọ̀ pé òun ò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Àsúmáù pè é. Wọn ò tíì rí ilé-ẹ̀kọ́ tó láyè, ilé ni ọmọ ń jókòó sí, òun náà ò sì lè lọ síbi iṣẹ́. Sherifat ní kó gbé fóònù fún ọmọ, kí àwọn kàwé díẹ̀. Nàfísátù ka ìlà bíi mẹ́ta nípa ẹja àbùùbùtán, ó dúró.

“Aunty, ó ti sú mi.”

“Kò burú, ọmọ mi. A máa kà á ní Sátidé.”

Ní Sátidé, fóònù náà kò lọ. Sherifat fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àmì kan ṣoṣo ló yọ, ìkejì tó ń fi hàn pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn kò wá. Ó béèrè ní ọ́fíìsì bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kankan ti béèrè fún àkọsílẹ̀ ọmọ náà, nítorí ìyẹn ló máa fi hàn pé ó ti wọlé síbòmíì. Akọ̀wé wo kọ̀ǹpútà, ó ní kò tíì sí. Lẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde ó tún lọ béèrè. Akọ̀wé ní òun á pè é bí nǹkan bá dé. Sherifat dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Zion àti ọmọ tuntun kan ti ń fa àga wọn mọ́ tábìlì lọ́wọ́.