Orúnkún Tuntun Lẹ́nu Ọ̀nà Ọba

Àwọn ọmọ mi ò fẹ́ kí n lọ. Èyí obìnrin, tí mo bí sí Peckham níbí, dúró sẹ́nu ọ̀nà bíi wọ́dà. "Mummy, ẹ ò lè lọ alone now. What if ẹ ṣubú? At least ẹ jẹ́ kí n book day off, I'll come with you."

Mo ní, "Fi day off ẹ sùn."

Láti ìgbà tí àwọn dókítà ti pààrọ̀ orúnkún mi ọ̀tún ni wọ́n ti ń gbé mi bí ẹni gbé ẹyin. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ dá rìn. Mo fẹ́ wo Lọ́ńdọ̀nù yìí tí mo ti ń gbé láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, tí mi ò mọ̀ ju ibi iṣẹ́, ọjà àti mọ́sáláásí lọ.

Orúnkún náà ti san. Ó ń ká, ó ń nà. Obìnrin tó ń kọ́ mi ní eré ìdárayá ní ọsibítù sọ pé kò sí ohun tí kò lè ṣe mọ́, àfi èyí tí èmi fúnra mi bá kọ̀. Ohun tí mo kọ̀ náà ni ìkúnlẹ̀. Bí mo bá ti fẹ́ sún mọ́ ilẹ̀ báyìí, ẹ̀rù á mú mi, gbogbo ara mi á le gbagidi. Orí àga ni mo ti ń kírun, lẹ́yìn gbogbo èrò. Bí mo bá pàdé àgbàlagbà, mo kàn ń mi orí bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Ó ń dùn mí ju ọ̀bẹ dókítà lọ. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ó ti parí náà nìyẹn, pé mi ò tún ní kúnlẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ṣùgbọ́n mi ò gbé ìrònú yẹn dání lọ́jọ́ náà. Ìró àti bùbá àǹkárá ni mo wọ̀, mo wọ bàtà kánfáàsì sí i, mo sì wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì, mo gun òkè rẹ̀ pátápátá lọ jókòó. Bísímíláhì. A gba àdúgbò Walworth kọjá, èyí tí mo mọ̀ dáadáa, títí a fi dé orí afárá, tí odò ṣí sílẹ̀ lójijì nísàlẹ̀, tí oòrùn ń tàn lára aago ńlá yẹn bíi wúrà. "Háà!" Mi ò mọ̀ pé mo ti pariwo, àfi ìgbà tí òyìnbó iwájú mi bojú wẹ̀yìn. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ kùtùkùtù lọ síbi iṣẹ́, oorun ni mo máa ń sùn.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn wọ ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tó wà lọ́nà ààfin ọba, mo jókòó, mo tú mọ́ínmọ́ín mi. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan wá dúró síwájú mi, ó ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Ẹran ọbẹ̀ ni ẹ́ nílé wa o. Rọra máa ṣe." Kò tiẹ̀ mira. Mo rẹ́rìn-ín títí mọ́ínmọ́ín fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́nà ọ̀fun.

Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà ààfin nígbà tí mo débẹ̀, fóònù ni gbogbo wọn nà sókè. Ṣọ́jà aláṣọ pupa dúró gbagidi nínú ọgbà ààfin. Àánú orúnkún rẹ̀ ló ṣe mí. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn mi.

"Ilé ọba náà rèé? A ti ń wò ó láti àárọ̀, ẹnì kan ò tiẹ̀ yọjú kí wọ́n kí wa káàbọ̀!"

Mo yíjú. Ìyá arúgbó kan ló jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta, kóòtù méjì lọ́rùn, ọmọ wọn obìnrin ń yà wọ́n ní fọ́tò. Ojú wa pàdé.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ kú fàájì o."

Ẹnu mi ò tíì pa dé tí mo fi rí i pé ojú èmi àti ìyá náà ti dọ́gba. Orúnkún mi méjèèjì ló wà nílẹ̀. Mi ò rò ó, mi ò di nǹkan kan mú.

Ọlọ́pàá kan ti sáré dé, ó ń bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá mo fara pa, bóyá kóun pe áńbúláǹsì.

"No, no, mi ò ṣubú." Mò ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi. "I'm greeting my mother."

Ó wo ìyá náà. Ìyá náà na ọwọ́, wọ́n gbé e lé mi lórí, bí ẹni tó ti ń retí mi.

"Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù."

Ní gbogbo àdúgbò wa, Mummy ni wọ́n ń pè mí. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè mí lọ́mọ. Mo mọ̀ pé mo lè dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n ṣì wà níbí díẹ̀ sí i."