Àmì Inú Ìdérí Aago

Bàbá tó ń tún aago ṣe ní àdúgbò Hillbrow, ní Gúúsù Áfíríkà, ní 1993 kì í gba orúkọ ojú aago gbọ́. "Ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ síwájú," ni ó máa ń wí fún èmi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yìn ni ìtàn wà." Ó ní ilé iṣẹ́ Switzerland tí òun fẹ́ràn jù a máa fín nọ́ńbà sínú ìdérí ẹ̀yìn, ẹni tó bá sì tún aago náà ṣe a fi abẹ́rẹ́ ha àmì tirẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ Èkó kan gbé irú aago náà wá. Bàbá ṣí i, ó sì bá àmì tí òun fúnra rẹ̀ ha níbẹ̀. Aago àbúrò rẹ̀ ni, ẹni tí a ti ń wá láti oṣù méjì.

"Ta ló tà á fún ọ?"

"Òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì kan ni, Bàbá. Òkú kì í kúkú wo aago." Ó rẹ́rìn-ín.

N kò lè sọ pé mo rí omijé. Bàbá rọra dé aago náà padà, ó ní, "Mọ́ṣúárì wo?"