Wọ́n Rán Ojú Aránṣọ

Dókítà ti ṣàlàyé fún mi tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ abẹ náà kò ní gba òwú. Wọ́n á la ojú ọ̀tún mi díẹ̀, wọ́n á yọ nǹkan funfun tó bò ó, wọ́n á sì fi dígí kékeré rọ́pò rẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tó ń bi nọ́ọ̀sì léèrè òwú. N kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n má mira.

Lọ́jọ́ kejì dókítà ní awọ inú ojú tó yẹ kó gbé dígí náà dúró ló ya, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi òwú rán ojú náà, dígí sì di ìgbà mìíràn.

“Òwú yẹn ńkọ́, sà? Ṣé ẹ máa tú u?”

“Ó lè wà níbẹ̀, Bàbá.”

Kò yé mi. Níṣẹ́ tiwa, aṣọ tí a kò tíì rán tán là ń fi òwú gbọọrọ dì mú, a ó sì tú u tó bá yá. Èwo ni tèmi?

Wọ́n fún mi ní awò ojú tó nípọn. Bí mo bá fi wo téèpù, ojú ọ̀tún á fi nọ́ńbà ràbàtà hàn mí, ojú òsì á fi kékeré hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀kì kan á di méjì. Bùbá Ìyá Tíṣà ni mo kọ́kọ́ gé. Àwọn ló kọ́ mi ní nọ́ńbà nílé ìwé alẹ́, nígbà tí mo ti di bàbá ọmọ.

Wọ́n wọ̀ ọ́ wò. “Bàbá Túndé, èmi àti ta ni á jọ wọ̀ ọ́?”

Ojú tì mí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìmùṣin kò mọ nọ́ńbà rárá. Okùn ló ń lò: kókó kan fún èjìká, òmíràn fún àyà. Mo já okùn, mo bọ́ awò, mo di ojú méjèèjì, mo wọn Ìyá Tíṣà. Lórí tábìlì, mo ń fọwọ́ wá kókó, mo ń gún píìnì sí aṣọ. Ìka mi ni mo fi tọ píìnì kiri kí n tó ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ.

“Ṣé gbogbo nọ́ńbà tí mo fi pariwo sí ọ létí, òfo ni?”

“Ẹ má bínú, mà. Ojú ni kò gbà.”

Nígbà tí mo rán an tán, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n gbé apá sókè, wọ́n yí ẹ̀yìn sí dígí ìwòjú. Wọ́n kàn fa léèsì kan yọ nínú báàgì wọn, wọ́n ní ti Àjíǹde nìyẹn. Léèsì olówó ńlá ni, tí a kì í gé lẹ́ẹ̀mejì. N kò mọ bí ojú mi yóò ti rí nígbà yẹn.

Mo gbà á.