Ọmọ Wa Gbé Àpótí Ìbò Nílùú Òyìnbó

Ọkọ mi kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú nínú ilé wa ní Wuye. Àwọn jàǹdùkú ló lu àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò kan ní abúlé wa, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Látìgbà náà, bí èrò bá ti dá ọ̀rọ̀ ìbò sílẹ̀ nínú takisí tó ń wà, ṣe ni yóò yí rédíò sókè.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Họ́láńdì sọ fún wa lórí fóònù pé òun ti wọ ẹgbẹ́ òṣèlú, mo di orí mú. Ó ní ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé ni, àwọn tó ń jà kí afẹ́fẹ́ àti omi má bàjẹ́, kí owó ilé má sì pa mẹ̀kúnnù. Wọ́n fẹ́ kí òun gbé àpótí láti wọ ìgbìmọ̀ ìlú tí òun ń gbé.

Bàbá rẹ̀ gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó jáde.

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi nìyẹn. Bí mo bá ń ránṣọ, màá gbé fóònù ti ara máṣíìnì, yóò sì máa fi àdúgbò wọn hàn mí: òjò, kẹ̀kẹ́, àwọn ilẹ̀kùn tó jọra wọn. Ojúlé dé ojúlé ló ń kàn láti tọrọ ìbò, tòun ti ìwé ìpolongo ẹgbẹ́ lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ẹkún ló fi pè mí. Ìyá àgbàlagbà kan ti pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, ó ní kó lọ ṣòṣèlú nílùú baba rẹ̀. Ọkọ mi, tó ń jẹun lẹ́yìn mi, ló na ọwọ́ gba fóònù.

"Ṣé o kí i?"

"Mo kí i, Dádì."

"O béèrè àlàáfíà ẹ̀ ni, àbí ìbò lo mẹ́nu lé?"

"Ìbò ni, sà."

"Nu ojú ẹ. Ohun tó sọ sí ẹ kò dáa rárá. Ṣùgbọ́n tó o bá máa padà lọ, má mú ìwé kankan dání."

Ọmọ wa padà lọ lóòótọ́, àlàáfíà nìkan ló sì béèrè. Ìyá náà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó ní bọ́ọ̀sì tó ń gba iwájú ilé òun kò wá mọ́, òun ò sì rí ọ̀nà lọ kí àbúrò òun.

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀?" ni ọkọ mi wí nígbà tó gbọ́. Láti ọjọ́ náà, òun gan-an ló ń pe ọmọ. Ó ní kì í ṣe òṣèlú làwọn ń sọ, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ọkọ mi kò lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ọmọ wa pariwo lórí fóònù pé, "Mo wọlé!", ọkọ mi ké "Kai!" bíi Haúsá, ó sì gbá mi mọ́ra lójú àwọn aládùúgbò. Ẹgbẹ́ wọn kò gba ìlú náà o, àga wọn nínú ìgbìmọ̀ kò pọ̀. Bọ́ọ̀sì náà kò tíì padà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti ń jíròrò lórí ẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ àwọn onílé àti ayálégbé ní òpópónà wa ń wá ẹni tí yóò ṣáájú ọ̀rọ̀ gọ́tà tí ọ̀rá ti dí pa. Ọkọ mi nawọ́ sókè. Mo wò ó, kò wo ibi tí mo wà. Wọ́n ti ń kó ẹrẹ̀ ibẹ̀ báyìí, nígbà tí òjò sì rọ̀ kẹ́yìn, omi rí ọ̀nà lọ.