Táyà Tí Mo Lẹ̀ Ní Ẹnu Ọwá

Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ fọkanáísà ní Ẹnu Ọwá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbàdúrà pé kí iṣẹ́ ọwọ́ mi bàjẹ́. Àdúrà náà kò gbà. Mo mọ iṣẹ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gba apá ọ̀tún ni. Ìyàwó mi kú. Ibà ló ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì lọ. Ọmọ kan péré ló fi sílẹ̀ fún mi, obìnrin, kò tí ì pé ọdún mẹ́rin. Àwọn ènìyàn ní kí n sunkún kí ara lè fúyẹ́, ṣùgbọ́n omi kò wá sójú mi. Kì í ṣe pé mo ń ṣe akin. Ara mi kàn kú ni. Bí mo bá jẹun, n kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, mo ti gbé jáàkì mi síta, mo ń tú táyà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wò mí, wọ́n ń mi orí.

Lọ́jọ́ tó pé ogójì, ìyá ìyàwó mi wá láti Iléṣà. Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ló fi ọkọ̀ gbé e wá. Lẹ́yìn àdúrà, ìyá ní ọkùnrin tó ń bá táyà jìjàkadì láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè tọ́ ọmọ obìnrin. Ó ní òun yóò mú un lọ sí Iléṣà, àfi bí mo bá ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sí i. Ó ń retí èsì mi.

Mo ní, "Ó dáa, mà."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mo fẹ́ ọmọ mi. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà jìnnà sí mi, bí ohùn ẹni tó ń pè mí láti òdì kejì ọ̀sà.

Ìyá onílé wa, Alhaja arúgbó tí wọ́n bí sínú agboolé náà gan-an, ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀ pé òun yóò máa bá mi mójú tó ọmọ náà. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ṣé wọ́n ti lẹ ẹnu tìẹ náà pa ni? Lọ sọ fún wọn pé o ò gbà, jàre! Ọmọ ẹ ni, kì í ṣe lọ́ọ̀dù."

"Mo ti gbọ́, Alhaja."

"Mi ò ní kó o gbọ́. Mo ní kó o sọ̀rọ̀!"

N kò sọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti kó aṣọ ọmọ sínú búùtù. Mo ń yí ọkọ̀ náà ká, ojú iṣẹ́ ni mo fi ń wò ó, kí n má purọ́, nígbà tí mo rí orí ìṣó nínú táyà ẹ̀yìn. Mo fi han ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre, àna mi. Táyà yìí kì í lo túùbù, ó sì máa ń dí ara ẹ̀. Á gbé wa délé, no problem."

Ìlú òyìnbó ló ti gbé ọkọ̀ náà dé. Mo mọ irú táyà bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fi nǹkan dúdú kan tó ń fà bí àtè kun inú rẹ̀, pé bí ìṣó bá wọlé, nǹkan náà á yí i ká, afẹ́fẹ́ kò sì ní jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo rò pé fọkanáísà ọ̀bùn kan ló da gúlúù síbẹ̀. Mo jókòó, mo fá a, mo fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ títí inú rẹ̀ fi mọ́ tónítóní. Inú mi dùn sí iṣẹ́ mi. Nígbà tí ẹni tó ni táyà dé, ńṣe ló ká ọwọ́ lé orí. Ohun tó mú kí táyà rẹ̀ wọ́n ni mo fọ̀ dànù.

Ṣùgbọ́n èmi náà ní òfin tèmi. Ọkọ̀ kì í gbé ìṣó kúrò níwájú mi. Mo máa ń yọ ọ́, mo sì máa ń fi lé ẹni tó ni ọkọ̀ lọ́wọ́ kó lè rí ohun tó ṣe é. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo mú píńsì, mo fa ìṣó náà yọ. Ó gùn, ó sì nípọn. Nǹkan dúdú náà rọ́ wá sójú ihò, ó fẹ́ dí i, kò dí i tán. Mo da omi sí i, omi ń hó.

Táyà wọn kan ti bẹ́ lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì ti lo sípíà wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Bí kò bá ṣeé ṣe lónìí, èmi àti màmá á wọ mọ́tò èrò, torí mo níṣẹ́ lọ́la. Mi ò lè fi ọmọ kékeré há àárín èrò. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín ná. Tó bá di Kérésì, a ó tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ."

Alhaja wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ó ṣẹ́jú sí mi. Ó yé mi yékéyéké. Kí n kàn sọ pé táyà ti bàjẹ́. Ta ló fẹ́ bá fọkanáísà jiyàn lórí táyà?

Mo ní, "Ó ṣeé ṣe, sà."

Mo tú táyà kúrò lára ríìmù. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, ìwọ̀n ibi tí rọ́bà máa jókòó sí nìkan ni mo fá. Mo nù ún, mo fi gúlúù sólúṣọ̀n pa á, mo dúró kó gbẹ, mo lẹ rọ́bà mọ́ ọn, mo fi òòlù lù ú yíká létí. N kò tíì lẹ táyà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi afẹ́fẹ́ kún un, mo tì í bọ omi. Kò hó rárá. Alhaja dìde, ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Mo fi ìṣó náà lé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lọ́wọ́. Ó yìn mí. Ọmọ mi yọ orí láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ń bọ̀?"

Mo ní, "Mò ń bọ̀."

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn, n kò ṣiṣẹ́ kankan. Mo jókòó sórí táyà àlòkù, mo ń wo ojú ọ̀nà, bóyá màá rí wọn tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, pé táyà ti jò lórí afárá tí wọ́n máa gbà lọ. Ìgbà náà ni mo gba àdúrà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ ṣú, wọn kò dé.

Ó di Kérésì, lẹ́yìn oṣù púpọ̀, kí n tó lọ sí Iléṣà. Mo ra bisikíìtì àti mílíìkì lọ́wọ́ ní ọjà Òkè Àrin kí n tó gbéra. Ọmọ náà ti sanra, ara rẹ̀ ń dán. Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Lẹ́yìn náà ó sáré lọ dì mọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Bàbá, ta nìyẹn?"

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Mo lóṣòó ti táyà ẹ̀yìn, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó le gbandi. Omi dé sójú mi nígbà náà, ó ń ṣàn, n kò lè dá a dúró, mo sì fi iwájú orí ti táyà náà kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi.

Ìyá ìyàwó mi rí ẹ̀yìn mi láti ilé ìdáná.

"Ṣé ó ti jò ni?"

Mo ní, "Rárá, mà. Kò jò."