Kókó tó wà lẹ́yìn máṣíìnì bàbá mi

Díẹ̀ ló kù kí n bá dírẹ́bà jà lónìí nítorí rọ́bà lásán!

Máṣíìnì bàbá mi tó ti dolóògbé, ọ̀kadà tí wọ́n ń gùn lọ sóko, ni mo lọ fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ní Afo, kí n gbé e wá sílé mi l'Ọ́wọ̀.

Dírẹ́bà fi sítáńdì gbé e dúró, ó fi okùn kan ṣoṣo so ó.

Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ká sítáńdì yẹn. Ẹ so ó lọ́tùn-ún lósì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa ṣubú."

Ó ní: "Okùn ò tó. Ẹ jẹ́ n gé rọ́bà ẹ̀yìn ẹ̀ yìí ká fi kún un, kókó ẹ̀ ti le jù láti tú." Ó ti yọ ọ̀bẹ.

Mo pariwo: "Ẹ má gé e!"

Rọ́bà yẹn ni bàbá mi fi ń di iṣu bọ̀ láti oko. Èmi ni mo máa ń tú u. "Má gé rọ́bà mi o, fara balẹ̀ tú u," ni wọ́n máa ń wí.

Mo fi èékánná àti eyín tú u. A fi so táyà ẹ̀yìn, máṣíìnì ò sì mì títí a fi délé.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé kókó tí bàbá mi ta kẹ́yìn láyé ni mo tú yẹn.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa tú u?