Wọ́n Ní Kí N Mú Ọkọ Wá

Nígbà tí onílé wa ní Àgbówó pinnu láti sọ ilé rẹ̀ di họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí gbogbo wa kó jáde kí oṣù tó parí. Opó ni mí, tíṣà sì ni mí ní ilé ìwé aládàáni kan ní Bódìjà. Yàrá kan ṣoṣo tí owó oṣù tíṣà lè ká ni mò ń wá, níbi tí n ò ti ní í máa wọ mọ́tò lé mọ́tò kí n tó dé ibi iṣẹ́. Bí mo ṣe kó sọ́wọ́ àwọn ejẹ́ńtì nìyẹn.

Aláìnítìjú gbáà ni wọ́n. Gbogbo ilé tí wọ́n bá ní, ẹ̀yìn Bódìjà ló wà. A ó wọ kẹ̀kẹ́, a ó kọjá Bódìjà, a ó kọjá Òjóò, a ó bọ́ sí ọ̀nà elérùpẹ̀, ejẹ́ńtì á ṣì máa nawọ́ síwájú: "Àǹtí, ẹ̀yìn Bódìjà náà nìyí." Bódìjà wo ló ní irú ẹ̀yìn gígùn bẹ́ẹ̀? Nígbà tá a bá dé ibẹ̀ tán, yàrá tí òjò ti ya máàpù sí àjà rẹ̀ ni wọ́n á ṣí fún mi, wọ́n á sì ní kí n sanwó ìwòran. Kí n sanwó kí n tó lè fojú ara mi rí ìranù!

Ẹyọ kan ṣoṣo ló dára nínú gbogbo wọn, nítòsí ọjà Bódìjà. Kànga wà, àjà ò jò, owó rẹ̀ ò sì pa mí lára. Àmọ́ baba onílé wà níbẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì, ó wò mí látòkèdélẹ̀, ó ní, "Ọkọ ẹ dà?"

"Wọ́n ti dolóògbé, sà."

"Pẹ̀lẹ́ o. Ṣáà lọ mú ọkọ wá. Ọmọ Yorùbá gidi lèmi, mo mọ àṣà. Mi ò kì í gba obìnrin tí ò lọ́kọ sílé."

Ó mọ àṣà! Ọkùnrin tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ kí àlejò, tó ń pe ìyàwó ẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pé kó wá gbé omi tó wà níwájú òun fún òun. Inú bí mi gan-an. Mo délé, mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń gbé ní Challenge. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ gbà mí o."

Wọ́n tẹ̀ lé mi lọ ní Sátidé, sùtánà funfun lọ́rùn wọn, nítorí ilé àdúrà ni wọ́n ti ń bọ̀.

Baba ní, "Ọkọ tí mo ní kó o mú wá ńkọ́?"

"Àwọn nìyí, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tó wọ ṣòkòtò ni mò ń wí!"

Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ ní ẹ mọ àṣà. Kí ni ìyàwó yín ń pe ẹ̀gbọ́n yín obìnrin?"

Baba ṣì ń ronú irọ́ tó máa pa nígbà tí ìyàwó rẹ̀, tó ń bẹ iṣu lẹ́nu ọ̀nà, dáhùn láìgbójú sókè. "Ọkọ mi ni mò ń pè wọ́n. Àbúrò wọn tí mo wẹ̀ ní kékeré náà, ọkọ mi ni mò ń pè é."

Ọkọ mi nawọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́, baba sì fi lé wọn lọ́wọ́, ó ń kùn pé ayé ti bàjẹ́.

Ẹ̀rín ṣì ń pa wá nígbà tí ìyàwó náà lé wa bá ní géètì, ọ̀bẹ iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi yọ̀ ni. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, nínú gbogbo ilé tẹ́ ẹ wò, ṣé ẹ rí èyí tí wọn ò ti ní í béèrè ọkọ?"

Mo bi í pé ta ló fẹ́ gbé ibẹ̀. Ó ní òun ni.